Kẹ̀kẹ́ Oníná: Ìtàn Ìrànlọ́wọ́ tí ó Mọ Ìwọ̀n

Mo júbà àwọn àgbà tí wọ́n ti dúró rí ní ibi tí mo dúró sí yìí. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnu ti ya ẹlòmíràn nínú yín nígbà tí ó rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀ràn kẹ̀kẹ́ àti iná mànàmáná? Ìbéèrè náà tọ́. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà, n kò sì ta kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti tọpasẹ̀ ìtàn, láti bi ọ̀rọ̀ léèrè ibi tí ó ti wá, àti láti wádìí ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí á jọ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan. Orí rẹ̀ ni ó máa ń di kòkó sí láti abúlé wá sí ìlú tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Òkè kan wà lójú ọ̀nà náà. Bí bàbá bá dé ẹsẹ̀ òkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, yóò máa tì í lọ. Èmi náà yóò sì máa fi ọwọ́ ti àpò kòkó láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe èmi ni mo ń gbé ẹrù náà gòkè. Ọmọ kékeré ni mí, agbára mi kò tó nǹkan. Síbẹ̀, bàbá a máa sọ fún ìyá mi pé bí kò bá sí ọwọ́ ọmọ yìí lẹ́yìn òun, òkè náà ì bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yá, orúnkún bàbá kò gba òkè náà mọ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ìpẹtà sì jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, nígbà tí èmi náà ti ń gbúròó orúnkún tèmi, mo lọ ṣe ìwádìí fún ìgbà díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó gbà mí lálejò yá mi ní kẹ̀kẹ́ oníná kan. Bí mo ti dé ẹsẹ̀ òkè àkọ́kọ́ tí mo tẹ pẹ́dà, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ tì mí lẹ́yìn. Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ìtàn ọwọ́ yẹn: ta ni ó kọ́kọ́ ronú kàn án, kí ni ó sì fà á tí bàbá mi kò fi bá a pàdé?

2. Ohun tí orúkọ ń sọ fún wa

Orúkọ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè wa, ohun èlò tí yíyí jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni a sábà máa ń pè ní kẹ̀kẹ́. Èyí tí aránṣọ ń lò ni kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Èyí tí ẹṣin ń fà nínú Bíbélì ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé èrò ni kẹ̀kẹ́ Màrúwà, tí a fi orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣe gómìnà ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 1996 sí 1999 pè. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni kẹ̀kẹ́ ológeere.

Alùpùpù kò sí nínú ẹbí yìí. Ẹni tí ó bá fetí sí orúkọ náà yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò dún bẹ́ẹ̀, kì í sì í rìn bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún kò bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọmọ ilé kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ ilé alùpùpù. Mo sì fẹ́ kí á pè é ní kẹ̀kẹ́ oníná, kí á má pè é ní kẹ̀kẹ́ iná, nítorí pé ẹni tí ó mọ Bíbélì yóò rántí pé kẹ̀kẹ́ iná ni ó ya Èlíjà àti Èlíṣà níyà ní ọjọ́ tí Èlíjà gòkè re ọ̀run. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ gun irú èyí lọ sí ọjà kí ó tún padà.

3. Láti Mannheim dé Canton

Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Karl von Drais ni ìtàn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1817, ó gun ohun tí ó ṣe jáde láti ìlú Mannheim. Igi ni ó fi ṣe é. Kò ní pẹ́dà, kò ní ṣéènì. Ẹni tí ó gùn ún yóò máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí ń sáré. Ní àwọn ọdún 1860, àwọn ará Paris bẹ̀rẹ̀ sí í so pẹ́dà mọ́ táyà iwájú. Ní ọdún 1885, John Kemp Starley ní ìlú Coventry ṣe èyí tí ṣéènì ń fa táyà ẹ̀yìn rẹ̀, tí táyà rẹ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹran ọ̀sìn ní Belfast, gba ìwé àṣẹ fún táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Láti ìgbà náà, ìrísí kẹ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Ẹni tí ó bá rí kẹ̀kẹ́ Starley lónìí yóò mọ̀ pé baba kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò dúró de kẹ̀kẹ́ kí ó dàgbà tán kí wọ́n tó ronú àtifi iná mànàmáná ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1859, Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe bátìrì òjé tí a lè gba iná sí léraléra. Ní ọdún 1881, Gustave Trouvé fi irú bátìrì bẹ́ẹ̀ àti mọ́tò iná sí ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ó sì gùn ún ní ìgboro Paris. Ẹ kíyè sí ọdún náà dáadáa. Ọdún mẹ́rin ṣáájú kẹ̀kẹ́ Starley ni.

Ẹni tí ó kàn ni Ogden Bolton, ará ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1895, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ tí a ń fún ẹni tí ó bá ronú kan ohun tuntun. Nọ́ńbà ìwé náà ni 552,271. Nínú àwòrán rẹ̀, mọ́tò wà ní àárín gbùngbùn táyà ẹ̀yìn, bátìrì sì wà láàárín irin kẹ̀kẹ́, lábẹ́ ibi tí ẹni tí ó gùn ún jókòó sí. Ní ọdún 1897, Hosea Libbey ti ìlú Boston gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò rẹ̀ wà ní ìdí pẹ́dà. Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ oníná lónìí, oríṣi méjì ni ẹ ó bá níbẹ̀ jù: èyí tí mọ́tò rẹ̀ wà láàárín táyà, àti èyí tí mọ́tò rẹ̀ wà ní ìdí pẹ́dà. Àwọn èrò méjèèjì ti wà nínú ìwé kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí.

4. Oorun ọlọ́dún gígùn

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó fà á tí ohun tí a ti mọ̀ ní ọdún 1895 fi pẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó tàn ká ayé? Ìdí tí mo rí jẹ́ mẹ́ta.

Ìdí kìíní ni bátìrì. Òjé wúwo, agbára tí ó sì ń gbà pamọ́ kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí á fi yúníìtì iná tí a ń rà sí mítà ilé wa ṣe òṣùwọ̀n. Bátìrì òjé tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 20 kò lè gba yúníìtì kan pamọ́ pé. Ṣùgbọ́n agbára tí ó wà nínú lítà epo bẹntiróòlù kan tó nǹkan bí yúníìtì mẹ́sàn-án. Nígbà tí epo bẹntiróòlù dé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kéré tó ohun tí a lè so mọ́ kẹ̀kẹ́, alùpùpù gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ iná mànàmáná.

Ìdí kejì ni pé iná mànàmáná kò tíì wọ ilé àwọn ènìyàn lásán nígbà náà. Ẹni tí kò ní iná nílé, níbo ni yóò ti gba iná sí bátìrì?

Ìdí kẹta ni ó kan ìmọ̀ tèmi jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ èrò ọkàn ni. Bolton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bátìrì fólítì 10 ni òun fẹ́, àti pé mọ́tò náà lè gba iná tí ó tó ámúpù 100. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó tó wáàtì 1,000. Ìlọ́po mẹ́rin wáàtì 250 tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà fún kẹ̀kẹ́ oníná lónìí ni. Mọ́tò tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bátìrì tí kò lè bọ́ ọ yó! Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku tibí yìí tóbi ju ìtẹ́ rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ohun tí àwọn aṣáájú wọ̀nyí ń wá ni mọ́tò tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ pátápátá. Wọn kò tíì béèrè bí mọ́tò àti ẹsẹ̀ ṣe lè jọ ṣiṣẹ́.

Àwọn kan tún gbìyànjú láàárín. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ta kẹ̀kẹ́ oníná díẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands, ilé-iṣẹ́ Philips sì lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò fìdí múlẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, kẹ̀kẹ́ ológeere lásán ni ó gbayì ní tirẹ̀. Olùkọ́, ajíhìnrere, aṣojú oníkòkó, gbogbo wọn ni ó gùn ún, ẹni tí ó ní i sì di ẹni àpọ́nlé ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni alùpùpù dé, tí iyì kẹ̀kẹ́ sì wọmi. Ohun tí baba fi gbayì di ohun tí ọmọ ń tijú rẹ̀. Bí orúnkún bá kọ òkè, kò sí nǹkan mìíràn tí a lè ṣe ju pé kí á fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri lọ.

5. Japan, ọdún 1993

Ilẹ̀ Japan ni ìbéèrè tuntun náà ti wá. Ní ilẹ̀ náà, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìyá a máa gbé ọmọ sí iwájú, a gbé òmíràn sí ẹ̀yìn, a sì so àpò ọjà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n òkè pọ̀ ní ìlú wọn, àwọn àgbàlagbà sì ń pọ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ Yamaha, tí ó ti ń ṣe alùpùpù tipẹ́, mọ̀ pé bí òun bá so mọ́tò mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, alùpùpù kékeré ni òfin yóò pè é: yóò di dandan kí ìyá àti ìyá àgbà lọ gba ìwé ìwakọ̀ kí wọ́n tó gùn ún. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ọ̀gá. Ẹ̀rọ kan wà ní ìdí pẹ́dà tí ó ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, mọ́tò a ràn án lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, mọ́tò a dúró. Ní ọdún 1993 ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ yìí jáde, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní PAS.

Òfin Japan wọn ìrànlọ́wọ́ náà gẹ́gẹ́ bí olóńjẹ ṣe ń wọn gàrí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé eré kìlómítà 15 ní wákàtí kan, bí ẹsẹ̀ bá mú ìwọ̀n agbára kan wá, mọ́tò kò gbọ́dọ̀ mú ju ìwọ̀n kan náà lọ. Bí eré bá kọjá ibẹ̀, ìrànlọ́wọ́ a máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dé kìlómítà 24, a tán. Ní ọdún 2008, wọ́n tún òfin náà ṣe: bí eré kò bá ju kìlómítà 10 lọ, mọ́tò lè mú ìwọ̀n méjì wá fún ìwọ̀n kan ti ẹsẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ibi tí ènìyàn ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù, ìyẹn nígbà tí ó bá ń gbéra tàbí tí ó bá ń gun òkè, ni ìrànlọ́wọ́ ti pọ̀ jù. Bí ó bá ti lè dá rìn, a fi í sílẹ̀.

Bátìrì òjé ni kẹ̀kẹ́ 1993 náà ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Sony ti gbé bátìrì lítíọ̀mù jáde sí ọjà, nígbà tí ó sì yá, òun ni kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ dáadáa. Àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn mú bátìrì yìí wáyé, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ọdún 2019.

Láti ìgbà náà, ó tàn bí iná ọyẹ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ọ̀pọ̀ ìlú ńlá dín alùpùpù elépo kù ní ìgboro, àrùn SARS ọdún 2003 sì mú kí àwọn ènìyàn máa sá fún ọkọ̀ èrò. Kẹ̀kẹ́ oníná ibẹ̀ ti ju 300 mílíọ̀nù lọ báyìí. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2002: mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, ìrànlọ́wọ́ sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró bí eré bá dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 14 lè gun irú rẹ̀ láìgba ìwé ìwakọ̀.

6. Àǹfààní rẹ̀

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín ń rò. Wọn yóò ní ọ̀lẹ ni kẹ̀kẹ́ yìí wà fún. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Colorado ní Boulder gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn 20 tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ oníná lé lọ́wọ́ kí wọ́n máa gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù kan. Nígbà tí oṣù náà pé, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara wọn sì ń káwọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa sí i. Ènìyàn 20 kò pọ̀, n kò sì ní sọ pé ìwádìí kan ṣoṣo ti parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí ojú mi rí mu: ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òógùn ń jáde, orúnkún nìkan ni kò ké.

Àǹfààní kejì ni ìnáwó. Bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná tí ó wọ́pọ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì yúníìtì iná lọ. Kẹ́tùlù tí a fi ń se omi tíì, bí a bá tàn án fún ìṣẹ́jú 15, yóò jẹ iná tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì yúníìtì yìí lè gbé ènìyàn lọ tó kìlómítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọ̀nà bá tẹ́jú tí kò sì pe mọ́tò jù. Ní ibi tí iná ìjọba bá ń ṣe ségesège, ẹni tí ó bá ní pánẹ́ẹ̀lì sólà àti bátìrì nílé lè fi oòrùn ọ̀sán gba iná sí i.

Àǹfààní kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Kẹ̀kẹ́ yìí ń dá ẹni tí ọ̀nà ti lé sẹ́yìn padà sí ojú ọ̀nà. Àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ kọ òkè, ìyá tí ọmọ méjì wà lára rẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́: kò sí ọ̀lẹ nínú wọn. Òkè ni ó pọ̀ ju agbára wọn lọ díẹ̀, díẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n sì ń wá.

7. Bí a ṣe ń gùn ún

Ẹni tí ó bá mọ kẹ̀kẹ́ ológeere gùn ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn.

Èkíní, ó wúwo. Ọ̀pọ̀ wọn tó kìlógíráàmù 20 sí 25. Nítorí náà, kí á tètè máa tẹ bíréèkì ju bí a ṣe ń ṣe lórí kẹ̀kẹ́ lásán lọ, kí á tẹ ti iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Èkejì, kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrànlọ́wọ́ tí ó kéré jù. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí a fi ń yan bí ìrànlọ́wọ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yan èyí tí ó ga jù, tí ó sì tẹ pẹ́dà gidigidi, kẹ̀kẹ́ lè já lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí á má gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tí a bá dúró ní oríta, nítorí pé irú kẹ̀kẹ́ mìíràn yóò rò pé a fẹ́ lọ ni. Ibi tí kò sí ọkọ̀ ni kí á ti kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni jíà. Mọ́tò kò ní kí á má lò ó. Kí á ti yí i sí èyí tí ó fúyẹ́ kí á tó dé ẹsẹ̀ òkè, àti kí á tó dúró. Ẹni tí ó bá fi jíà tí ó le gun òkè ń ni mọ́tò lára, ó sì ń tètè jẹ bátìrì tán.

Ẹ̀kẹrin, kẹ̀kẹ́ náà kò pariwo, eré rẹ̀ sì ju bí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ṣe rò lọ. Kí á máa lu aago rẹ̀, kí á tan iná rẹ̀, kí á sì dé akoto ìdáàbòbò orí. Orí ni à ń bò kí á tó bo ara.

Ẹ̀karùn-ún ni ìtọ́jú bátìrì. Ṣájà tí ó bá a wá ni kí á lò fún un. Kí á má fi í sínú oòrùn gbígbóná, kí á má sì jẹ́ kí ó máa gbẹ pátápátá. Bí a kò bá ní gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mélòó kan, kí á fi iná tí ó tó ìdajì sílẹ̀ nínú rẹ̀.

8. Ibi tí ìwọ̀n ti sọnù

Ìtàn tí mo ń sọ kò ní pé bí mo bá fi ẹ̀yìn owó rẹ̀ pamọ́. Ní ìlú New York, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fi kẹ̀kẹ́ oníná gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà. Ọ̀pọ̀ wọn ni àlejò tí ń wá jíjẹ mímu ní ìlú náà. Títí di ọdún 2023, iye tí wọ́n bá sáré dé ni iye tí wọ́n ń gbà. Nítorí náà, bátìrì olówó pọ́ọ́kú, bátìrì àlòkù tí wọ́n tún ṣe, ṣájà tí kì í ṣe ti bátìrì náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ní ọdún 2023 nìkan, bátìrì lítíọ̀mù dá iná 268 sílẹ̀ ní ìlú yẹn, ènìyàn 18 sì bá a lọ. Níbẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ oníná ti di kẹ̀kẹ́ iná ní tòótọ́. Ní ọdún kan náà ni òfin ìlú náà fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta kẹ̀kẹ́ tàbí bátìrì tí kò bá yege nínú àyẹ̀wò ààbò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra kí á má bàa di ẹ̀bi ru àwọn agbóúnjẹ wọ̀nyí. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni àṣìṣe ọdún 1895 tí ó tún padà dé: agbára tí a kò wọ̀n. Bákan náà ni àwọn kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń tà báyìí, tí pẹ́dà wọn wà fún ẹ̀ṣọ́ lásán, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni a ń lọ́ bí ti alùpùpù, tí eré wọn sì kọjá ohun tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ lè dá dúró. Orúkọ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwà kẹ̀kẹ́. Bí irú wọn bá dé ọjà wa, kí á bi ẹni tí ń tà á léèrè ìwé àyẹ̀wò bátìrì kí á tó béèrè iye owó. Kí á má gba iná sí i nígbà tí a bá ń sùn, kí á má sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà sá jáde. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

9. Ìkádìí

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé kẹ̀kẹ́ oníná kì í ṣe ohun tuntun. Mọ́tò rẹ̀ ti wà nínú ìwé ní ọdún 1895, ibi tí a ń so ó mọ́ kò sì yí padà títí di òní. Ohun méjì ni ó jẹ́ tuntun. Ọ̀kan ni bátìrì tí ó fúyẹ́. Èkejì, tí mo gbà pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù, ni ìbéèrè tí wọ́n béèrè ní Japan: báwo ni a ṣe lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láìgba iṣẹ́ rẹ̀?

Yorùbá ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ayé fi lé wa lọ́wọ́ ni ó ń pọ̀n wá. A ń dé ibi tí à ń lọ, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ wa sì ń gbàgbé rírìn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan léèrè bí ẹ bá ti pàdé rẹ̀: ṣé ó fẹ́ pọ̀n mí ni, tàbí ó fẹ́ bá mi ti ẹrù mi? Kò burú kí á pọ̀n ènìyàn nígbà mìíràn, bí ó bá ń ṣàìsàn tàbí tí ọ̀nà bá jìn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pọ̀n títí di àgbà ti pàdánù ohun kan tí kò ní rí rà.

Bàbá mi kò bá kẹ̀kẹ́ oníná pàdé. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì wáyé. Ó ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó bí i. Ọwọ́ ọmọ kékeré kan ni òun rí gbà lẹ́yìn rẹ̀ lórí òkè yẹn, ọwọ́ náà sì ti kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìwé nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ṣì ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti ha ìpẹtà ara rẹ̀ kúrò, mo sì ti fi táyà tuntun sí i. N kò so mọ́tò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń tì í gòkè, mo mọ ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó pé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa máa rìn, kí òkè má sì ga ju agbára wa lọ. Ire o.